Rẹsọ́ọ̀ Kúkúrú Tí Mo Fi Sábẹ́ Ọkọ̀ Mẹ́tìrì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lódì, òun ló sì fi àbàwọ́n sí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ọ̀rọ̀ náà ni "rọ̀". Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Tìmùtìmù a máa rọ̀, àkàrà gbígbóná a máa rọ̀. Àmọ́ òjò náà a máa rọ̀, ẹyẹ tó wà lókè a sì máa rọ̀ wálẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́, tí mo ti ń fi Nàgó, Yorùbá tiwa, sunkún kí n tó mọ̀ pé Faransé wà láyé, èmi ni oníbàárà sọ ọ̀kan fún, tí mo lọ ṣe èkejì.

Abẹ́ ọkọ̀ ni iṣẹ́ tèmi. N kì í tú ẹ́ńjìnnì, n kì í sì í fọwọ́ kan iná ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń mì lójú ọ̀nà, tó ń dún gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ nígbà tó bá bọ́ sí kòtò, tàbí tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Làmídì ní Ouando, lẹ́yìn ọjà, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ti ń já àgbàdo. Ohun méjì ni mo ń tọ́jú jù lábẹ́ ọkọ̀. Èkíní ni rẹsọ́ọ̀, irin tí wọ́n ká róbótó-róbótó, tó gbé ọkọ̀ ró lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Èkó ń pè é ní sípíríǹgì. Èkejì ni amọtisẹ́ẹ̀, ọ̀pá olóròóró tó wà nítòsí rẹ̀, tó ń kó o níjàánu kí ọkọ̀ má baà máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú kòtò. Bíi tọkọtaya ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá ti gbó, èkejì ló ń jẹ ìyà.

Ọ̀gá Ìdírísù ló kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tuntun, mo rò pé irin iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kó lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n wọ ẹ̀yìn takisí àtijọ́ kan tí wọ́n gbé wá. Ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó wà á yí ká ojú ọ̀nà burúkú kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì bá mi sọ nǹkan kan. Nígbà tó dúró, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ibo ló ń dùn ọ́?"

"Ìdí mi ni, ọ̀gá."

"Ìdí rẹ yẹn, ìwé ni. Òun ni wàá máa kà títí wàá fi kú."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín torí pé mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà rárá. Ọ̀gá Ìdírísù kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni títí yóò fi jókòó síbi tí ẹni náà ń jókòó. Bó jẹ́ awakọ̀ ló mú ẹjọ́ wá, yóò jókòó síwájú. Bó jẹ́ ọkọ̀ tó ń kó ọmọ iléèwé ni, yóò ká eékún rẹ̀ mọ́ra, yóò rún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn níbẹ̀ tòun ti agbádá. Ọdún méje ni mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gbòmìnira, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ tí mo fi ń ṣe é.

Orúkọ ló bà mí jẹ́. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àṣà kan dé láàárín àwọn ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́ àti Kútọnu: wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ wọn lọ sílẹ̀, kí taya wọ abẹ́ ara ọkọ̀, kó dà bí ẹni pé ọkọ̀ náà fẹ́ fò mọ́ nǹkan. Àwọn kan ń fi ayùn gé rẹsọ́ọ̀ ní ìká kan tàbí méjì. Ìwà òmùgọ̀ nìyẹn. Rẹsọ́ọ̀ tí a gé kì í jókòó dáadáa sí ibùjókòó rẹ̀ mọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fò díẹ̀, ó lè yọ dànù. Èmi kì í gé. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe ní kúkúrú ni mo máa ń wá, màá pààrọ̀ amọtisẹ́ẹ̀ sí èyí tó bá a mu, màá dín rọ́bà tó ń gba ọkọ̀ sílẹ̀ kù, màá tún taya tọ́. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Rẹsọ́ọ̀. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Rẹsọ́ọ̀ kúkúrú le ju rẹsọ́ọ̀ gígùn lọ. Àyè tó ní láti fún ara rẹ̀ mọ́ra kéré, bí kò bá le, ikùn ọkọ̀ á máa gbálẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá rọ̀ wálẹ̀ kì í rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń wà á lórí ọ̀nà ọ̀dà á gbádùn rẹ̀, kò ní tẹ̀ nígbà tó bá ń yà. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn lórí ọ̀nà tí kò dára, kó máa pe orúkọ Ọlọ́run.

Ó wá ku irú ọkọ̀ kan tí n kò tíì ṣe rí. Ọkọ̀ tó ga bíi jíìpù àmọ́ tí kì í ṣe jíìpù, tó fẹ̀ díẹ̀ ju ọkọ̀ kékeré lọ. Kátíkátì, ìyẹn mẹ́rin-mẹ́rin lédè Faransé, ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjì iwájú péré ló ń fà á. Ní ọjọ́ kan ní Kútọnu, mo rí rẹsọ́ọ̀ kúkúrú mẹ́rin láàárín àwọn ẹrù tòkunbọ̀, pupa fòò, kò tilẹ̀ tíì gbó. Nọ́ńbà ara wọn bá irú kátíkátì kan báyìí mu. Mo kó wọn wálé, mo so wọ́n kọ́ ògiri garáàjì. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Mò ń nù wọ́n ní àràárọ̀, bí ẹni tó ti rán aṣọ ìyàwó sílẹ̀ tí kò tíì rí ìyàwó.

Ìyàwó náà dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mẹ́tìrì Fálílù ló wà á wá. Mẹ́tìrì ni à ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, òun ló sì kọ́ àwọn ọmọ mi méjì àkọ́kọ́ ní Dowa kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í fẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé nǹkan kan wà tí òun ò mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ra ọkọ̀ náà fún un. Mo wo ọkọ̀, mo wo ògiri: irú tí rẹsọ́ọ̀ pupa mi ń dúró dè gan-an ni.

"Làmídì, bá mi mú ọkọ̀ yìí rọ̀," ló wí. "Ìyá mi ni mo fi ń gbé."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó rọ̀ tó, ẹ̀gbọ́n?"

"Bó bá ti lè rọ̀ tó."

"Ṣé iwájú àti ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn gan-an ni kó rọ̀ jù. Ẹ̀yìn ni Ìyá ń jókòó."

"Ó ti yé mi."

"Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ tó máa pẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

"Dakọ̀ọ̀, ó dáa. Mo fi lé ọ lọ́wọ́."

Ẹ wo èèyàn méjì tó ń sọ èdè kan náà! Tìmùtìmù ló wà lọ́kàn tiẹ̀, rẹsọ́ọ̀ pupa ló wà lọ́kàn tèmi. Bó ṣe jókòó lórí àga onígi tó ń dúró de takisí, ó sọ fún mi pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni òun ń gbé Ìyá lọ sí Akpro-Missérété, kó lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjì náà ló kù nínú ọmọ méje tí ìyá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n yìí, Ìyá Kúdì, kò ríran mọ́, kò sì lè kúrò nílé. Etí Ìyá kò gbọ́ tẹlifóònù dáadáa, nítorí náà bí wọn ò bá jókòó ti ara wọn, kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ̀rọ̀. Jímọ̀ yẹn ni Ìyá ń kà nínú ọ̀sẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ. Mo ń rò ó lọ́kàn pé ìyá arúgbó kò lè gun ọkọ̀ gíga, pé ó dájú pé wọ́n ń gbé e sókè bí ọmọdé, àti pé bí mo bá sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Èrò náà kò burú. Ohun tó burú ni pé n kò bi í ní ìbéèrè kan sí i. Etí mi ti gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ń fẹ́ ṣe.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, n kò rò pé mo tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ́kọ́ wọn ọkọ̀ náà láti àárín taya dé etí irin tó bò ó, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Mo fi kírìkì gbé e sókè, mo gbé e lé orí irin tó dúró ṣinṣin. Mo fi irin ìfúnpọ̀ fún rẹsọ́ọ̀ àtijọ́ títí ó fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀, torí rẹsọ́ọ̀ tí a kò bá fún dáadáa kó tó di pé a yọ ọ́ lè fọ́ àgbọ̀n èèyàn. Mo ki pupa bọ̀ ọ́, mo fi amọtisẹ́ẹ̀ kúkúrú olóròóró líle tì í. Mo gé rọ́bà ìsàlẹ̀ sí ìdajì. Nígbà tí mo sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀, mo rìn yí i ká. Ó ti fi ìka mẹ́ta lọ sílẹ̀, ó rẹwà. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, èmi nìkan, mo wà á lọ lójú ọ̀dà ọ̀nà Kútọnu, mo sì wà á bọ̀. Kò mì, kò tẹ̀. Mo ń súfèé nígbà tí mo wọ garáàjì padà. N kò jókòó sẹ́yìn.

Mẹ́tìrì mú Ìyá dání wá láti wá gbé ọkọ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ó ti kúrú, Làmídì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó rọ̀."

"Wì, lóòótọ́ ni mo ní kó rọ̀."

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, pé bí tìmùtìmù bá rọ̀, a máa tẹ̀ wálẹ̀, àti pé ta ni olùkọ́ tí yóò wá kọ́ mẹkaníkì níṣẹ́ rẹ̀? Ìyá ní tirẹ̀ ti na ọwọ́, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì fi ìdí ara rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó fọwọ́ lé mi lórí láti ojú fèrèsé, ó gbàdúrà fún mi lójú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní bàjẹ́, pé àwọn tó ń gbọ́ orúkọ mi á máa rí mi wá. Gbogbo wa ṣe àmín. Mo ya fọ́tò ọkọ̀ náà, mo fi han ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè.

Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó tún rí Mẹ́tìrì. Taya rẹ̀ ló ń jẹ láti inú, ohun tó máa ń ṣe ọkọ̀ tí a bá sọ̀ kalẹ̀ tí a kò sì tètè tún taya rẹ̀ wò. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ìyá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìyá wà. Kì í jáde mọ́."

"Àìsàn ni?"

"Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí kò dé Missérété. Jímọ̀ bá dé, á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá Kúdì ń ránṣẹ́, Ìyá ń sunkún, síbẹ̀ kò lọ." Ó mi orí. "Eegun ìbàdí rẹ̀ tó ń dùn ún ni. Tìtorí rẹ̀ náà ni mo ṣe ní kí o mú ọkọ̀ rọ̀. Dókítà ní ohunkóhun tó bá ń gbò ó kò dára fún un. Àfi bí ẹni pé ó wá ń dùn ún jù ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ tó sọ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn padà wá, ó sì ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Kó rọ̀. Ẹ̀yìn gan-an ni kó rọ̀ jù.

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó wà á, kí èmi jókòó sẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí Ìyá ń jókòó. A gba orí òkúta pafé tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà, kí a sì tó kọjá wọn, eyín mi ti ń kan ara wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, a gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó yà sí ilé Ìyá Kúdì, tí òjò ti gbẹ́ ní poro-poro. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àga iwájú mú. Ìyà yẹn ń gba ìdí mi wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn mi lọ sí ọrùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí nígbà náà, eegun mi ṣì le. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin. Ó ti gun ọ̀nà yìí ní àlọ àti àbọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó ní ó rẹ òun.

Ibi tí mo kàn ṣe àṣìṣe ni mo ti sọ tán yìí. Àṣìṣe kò sí lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e kì í ṣe àṣìṣe.

Mẹ́tìrì dá ọkọ̀ dúró, ó ní, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, rẹsọ́ọ̀ yìí ti ń rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá òmíràn."

"Ó ti tètè rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Irin òde òní náà ni."

Irin ni mo di ẹ̀bi rù. Irin tí kò lẹ́nu.

Rẹsọ́ọ̀ àtijọ́ ọkọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ti kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún alágbẹ̀dẹ kan ní Ouando, ó sì ti fi wọ́n ṣe àdá fún àwọn àgbẹ̀. Mo ní láti ránṣẹ́ sí Kútọnu, kí wọ́n bá mi wá irú rẹ̀ tó gùn. Wọ́n ní yóò tó bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sọ fún Mẹ́tìrì pé kó ní sùúrù. Àmọ́ ní gbogbo àkókò yẹn, ọkọ̀ tèmi wà níwájú garáàjì, ògbólógbòó kan tí inú rẹ̀ rọ̀ bí ibùsùn. Mo lè fi gbé Ìyá lọ sí Missérété ní Jímọ̀ àkọ́kọ́. Mo lè fi gbé e lọ ní èkejì. Mo rò ó, mo tilẹ̀ fọ ọkọ̀ náà ní ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, Mẹ́tìrì á bi mí pé kí ló dé tí tèmi tó ti gbó fi sàn ju tòun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lọ, màá sì ní láti sọ pé Bàbá Rẹsọ́ọ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Ìtìjú kò jẹ́ kí n ṣe é. Jímọ̀ méjì kọjá.

Rẹsọ́ọ̀ dé lọ́jọ́rú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ jọ láti lọ sí ilé Mẹ́tìrì ní Dowa, tẹlifóònù mi dún.

"Làmídì, Ìyá Kúdì ti lọ." Ohùn Mẹ́tìrì kò sókè. "Wọ́n á sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ìyá ní òun á lọ, kódà bó jẹ́ pé eékún ni òun máa fi wọ́ débẹ̀."

Mo dé ilé wọn kí n tó lè ronú. Àgbàlá ilé ni mo ti tú ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. N kò ráyè iwájú, ẹ̀yìn nìkan ni mo ṣe: mo yọ pupa, mo fi gígùn sí i, mo pààrọ̀ amọtisẹ́ẹ̀. Ìkánjú jẹ́ kí irin ya ìka mi méjì. Ìdí ọkọ̀ náà wá ga ju orí rẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń forí balẹ̀ kírun. Ìyá kò lè dá wọ̀ ọ́ mọ́. Èmi àti Mẹ́tìrì la gbé e sókè. Èmi ni mo wà á, wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, mo ń yẹ gbogbo kòtò. Mo ń wo Ìyá nínú dígí. Kò di àga mú. Kò mí ìmí ẹ̀dùn nítorí ọ̀nà. Ojú fèrèsé ló ń wò títí a fi dé.

Wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e. Wọ́n ṣí ojú rẹ̀ fún Ìyá. Ìyá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé o," ló wí. "Ẹ má bínú sí mi."

Mo jáde. Kúdì, ọmọ olóògbé, obìnrin tó tó ẹgbẹ́ mi, wá bá mi lábẹ́ igi tí mo dúró sí, ojú rẹ̀ wú. Ó ní ní gbogbo Jímọ̀, ìyá òun máa ń ní kí wọ́n wẹ òun ní kùtùkùtù, kí wọ́n gbé òun sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá ti dún, á bèèrè pé, ṣé àwọn nìyẹn? Ó ṣe é títí dé Jímọ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tún ọkọ̀ ṣe ní àárọ̀ yìí kí Ìyá lè wá. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." N kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Mo ti gba ọ̀pọ̀ èébú lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó dùn mí tó ọpẹ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá, Mẹ́tìrì sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí Mẹ́tìrì ní kí n ṣe, ohun tí mo ṣe, irọ́ tí mo pa mọ́ irin, ọkọ̀ tèmi tó wà nílẹ̀ fún Jímọ̀ méjì. Mẹ́tìrì gbé ọwọ́ lé orí.

"Èmi náà ń gbé e lọ, mò ń gbé e bọ̀," ló wí. "N kò bi í léèrè pé kí ló ń dùn ún."

Ìyá ní kí n dìde.

"Ọjọ́ kìíní tí mo wọ̀ ọ́ lọ sí Missérété ni mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà le."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo ti súre fún ọ lójú èrò, ọmọ mi. Ṣé kí n tún padà wá sí ojú èrò yẹn wá máa wí pé iṣẹ́ rẹ ò dára? Kí ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ rẹ á wá máa jẹ? Mo ní bó pẹ́ bó yá, á mọ́ mi lára."

Ìre tó sú fún mi ló dí i lẹ́nu. Báwo ni èèyàn ṣe lè san irú ẹ̀ padà? Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó ránṣẹ́ pè mí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé Làmídì, ìwọ aláìmọṣẹ́, wá wo ohun tí o ṣe sí mi, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti parí ní ọjọ́ kan. Mò ń bínú sí i díẹ̀ nígbà míì, inú a sì tún máa bí mi sí ara mi pé mo bínú sí i.

Mo ṣe iwájú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko tún un ṣe, mo jókòó sẹ́yìn, Mẹ́tìrì wà á, mo tún tú u, mo tún pààrọ̀ amọtisẹ́ẹ̀ sí èyí tó rọ̀ jù, títí tí ife omi fi lè wà lórí itan mi lórí ilẹ̀ pupa tí kò sì dànù. Mo kan àpótí kékeré kan tí Ìyá lè fi gun ọkọ̀. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni gbogbo èyí ìbá jẹ́, ká ní mo ṣe é nígbà tó yẹ. Mo ṣì ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. N kì í gba iṣẹ́ náà lẹ́nu nìkan mọ́ ṣá. Màá fi ọwọ́ hàn án: ṣé wálẹ̀ ni, àbí kó má gbò yín? Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá Rẹsọ́ọ̀ ti ń darúgbó, pé ó ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá ránṣẹ́ pé kí n wá gbé òun lọ sí Missérété. Inú mi dùn, mo ti rò pé mo máa lè ṣe é fún un ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo dé láàárọ̀, ó ti wọ aṣọ, ó ti di gèlè, ó ti di ẹ̀wà sínú abọ́ bó ṣe máa ń dì í lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gun ọkọ̀ lórí àpótí. A lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀nà ò sì ṣe é ní nǹkan kan. Mo dúró síwájú ilé Ìyá Kúdì, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un, mo na ọwọ́.

Kò sọ̀kalẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà náà, ó tún wo ẹ̀wà tó wà lórí itan rẹ̀.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé, Làmídì."

Mo yí ọkọ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, kò tún ní kí n gbé òun lọ síbì kankan.